Owó Ọkọ̀ Tí A San: Ta Ni Yóò Dáhùn Bí Jàǹbá Bá Ṣẹlẹ̀?

Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ láti Kétu dé Àjàṣẹ́ a máa rò pé àyè ìjókòó ni òun rà. Awakọ̀ tí ó gba owó náà kò rò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ohun tí èrò náà rà ju àyè ìjókòó lọ: ó ra dídé rẹ̀ pẹ̀lú ara pípé. Bí awakọ̀ bá gbé e dé Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ti kán, awakọ̀ náà kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí ó gbowó fún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò béèrè pé, "Ìwé wo ni a jọ kọ?" Kò sí ìwé, òótọ́ ni. Nínú tasí tí ń ná Kétu, Pọ̀bẹ́ àti Ṣakẹtẹ, kì í sábà sí ẹni tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí àdéhùn wà lórí ìwé kí ó tó jẹ́ àdéhùn. Èrò dárúkọ ìlú tí ó ń lọ, awakọ̀ dárúkọ iye owó, èrò wọlé, ọkọ̀ ṣí: àdéhùn ti wà. Àwọn amòfin ń pè é ní contrat de transport. Ìyá aláta tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ti bá awakọ̀ ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí kò níye, láì mọ orúkọ rẹ̀.

Àgbá kan àti ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò kan

Ó yẹ kí a mọ ibi tí òfin yìí ti wá, nítorí pé lára ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Zbidi Hamida ben Mahmoud wọ ọkọ̀ ojú omi láti Tunis, ó ń lọ sí Bône ní Àlìjéríà, ìlú tí a ń pè ní Annaba lónìí. Ilé iṣẹ́ Compagnie Générale Transatlantique ni ó ni ọkọ̀ náà. Nínú ìrìn-àjò yìí, àgbá kan tí wọn kò so dáadáa já lu ẹsẹ̀ Zbidi, ó sì pa á lára gidigidi.

Zbidi pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Àlìjéríà. Ilé iṣẹ́ náà fèsì pé tíkẹ́ẹ̀tì tí ó rà ti sọ ọ́ kedere: ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn, ní Marseille ni kó ti lọ rò ó, ní òdìkejì òkun. Ilé ẹjọ́ tí ó wà ní Algiers kò gba ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ohun tí a kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì kò kan ẹjọ́ ẹsẹ̀ tí ó farapa. Ilé iṣẹ́ náà gbé ẹjọ́ lọ sí Cour de cassation ní Paris, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Faransé fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1911, àwọn adájọ́ Paris dá ẹjọ́ wọn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gba owó láti gbé ènìyàn, ó ti gbà pẹ̀lú láti gbé e dé ibi tí ó ń lọ ní àlàáfíà. Nítorí náà inú àdéhùn ni ẹjọ́ ẹsẹ̀ Zbidi ti jáde. Bí ó bá sì jẹ́ inú àdéhùn ni, ohun tí a kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì dè é: kó máa lọ sí Marseille.

Ilé iṣẹ́ ni ó jàre lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó farapa sì pàdánù. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi jàre ti di okùn lọ́rùn gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ láti ìgbà náà. Rélùwéè, bọ́ọ̀sì, tasí: kò sí èyí tí ó lè sọ mọ́ pé òun ta àyè ìjókòó nìkan. Òfin Faransé ni wọ́n ń lò ní Dahomey nígbà náà. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní Code civil kò bá àwọn Faransé lọ. Òun ni àwọn adájọ́ ṣì ń ṣí títí di òní.

"Ìjánu ló já"

Àwíjàre awakọ̀ pọ̀. Èyí tí a ń gbọ́ jù ni pé ìjánu ọkọ̀ já, tàbí pé táyà bẹ́. Àwọn tí ó wà nítòsí a mi orí, wọn a ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í mi orí. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè gba awakọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ èrò rẹ̀ ni agbára tí ó ju ti ènìyàn lọ, tí ó wá láti ìta, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀, tí kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn amòfin ń pè é ní force majeure. Inú ọkọ̀ ni ìjánu wà. Ara ọkọ̀ ni táyà wà. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó yẹ̀ wọ́n wò kí ó tó jáde, nítorí náà kò lè fi wọ́n ṣe àwíjàre.

Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tasí ni kì í ṣe ti ẹni tí ń wà á. Olówó ọkọ̀ wà nílé, awakọ̀ ń mú owó wá fún un ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀. Nínú Code civil, ẹsẹ 1384 sọ pé ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ yóò dáhùn fún ìpalára tí ẹni náà bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ kan náà ni ó sọ pé ènìyàn yóò dáhùn fún ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Olówó ọkọ̀ lè máa sùn ní Sábẹ̀ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gbá ọmọ ilé ìwé ní ojú ọ̀nà Sávalou, kí oorun náà sì gbówó lórí rẹ̀. Ọmọ náà kò san owó ọkọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà síbẹ̀.

Nítorí ẹrù yìí ni òfin ṣe sọ asíráńsì di dandan. Kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo ni ó ṣe òfin náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992, ní Yaoundé, àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan lórí asíráńsì, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò sì wà nínú wọn. Òun ni ó bí òfin tí a ń pè ní Code CIMA. Gbogbo ọkọ̀ orí ilẹ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni ó kàn. Kò yọ alùpùpù sílẹ̀, kò sì yọ zémidjan sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò kò tíì fi ẹsẹ̀ kan wọ ilé asíráńsì rí. Ẹni tí ó bá gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, tí ó sì farapa, ẹni tí ó gbé e kò ní ilé asíráńsì tí yóò dáhùn fún un. Kí ni yóò sì rí gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ gbèsè alùpùpù náà fúnra rẹ̀?

Nígbà kan rí, onímọ́tò lè gba ìwé asíráńsì láìsan owó rẹ̀ tán. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ní òun yóò san tó bá di oṣù tí ń bọ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2011, ìyẹn ti dópin. Bí owó kò bá tíì wọlé, asíráńsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Onímọ́tò tí ó bá ń fi ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá rìn dà bí ẹni tí ó di agbòòrùn tí ó ti ya lu, tí òjò sì ń bọ̀.

Ìwé tí a ń pè ní attestation d'assurance kò gùn. Ẹni tí ó ti kàwé dé ìpele kejì ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè wá ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: orúkọ ilé asíráńsì, nọ́ńbà ọkọ̀, àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Kò sí ìwà àrífín nínú kí èrò wo ìwé náà kí ó tó wọlé. Awakọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé kì í bínú sí i.

Ti iye èrò ńkọ́? Ọkọ̀ tí a kọ́ fún ènìyàn márùn-ún ń gbé mẹ́sàn-án, ọmọ kékeré méjì kò sí nínú ìṣírò, àpò gàrí sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé asíráńsì yóò ka orí. Ó lè san owó fún àwọn tí ó farapa, kí ó sì yípadà sí olówó ọkọ̀ láti gba owó rẹ̀ padà, nítorí pé kì í ṣe bí òfin ti wí ni wọ́n ṣe gbé àwọn èrò. Ẹgbẹ̀rún kan fáráǹkì tí èrò kẹfà san ní òwúrọ̀ lè di ilé àti ilẹ̀ olówó ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Gbà-má-bínú kì í ṣe ẹ̀bẹ̀

Nínú èdè wa, owó tí a san fún ẹni tí a pa lára ni a ń pè ní gbà-má-bínú. Orúkọ náà dára, ó sì ń tàn wá jẹ. Ó mú kí a rò pé ẹni tí ó fún wa ń ṣe wá lóore, àti pé bí a bá gbà á, ọ̀rọ̀ ti tán. Èyí tí òfin ń sọ, indemnité, yàtọ̀. Gbèsè ni. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè kì í dọ̀bálẹ̀ gbà á.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ dojú dé. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ pẹ̀lú àgbà méjì láti ibùdókọ̀ dé sí ilé ẹni tí ó farapa, wọ́n mú ọtí dání, wọ́n mú ìwọ̀nba owó dání. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ fọwọ́ wọ́nú." Bàbá ilé ní, "Kádàrá ni." Ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ kí a pa ìwà yìí run. Ìlú tí a kì í bẹ ara ẹni nínú rẹ̀ kò ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ awakọ̀ kò fagi lé gbèsè ilé asíráńsì, ẹni tí ó sì dárí ji awakọ̀ kò dárí ji ilé asíráńsì. Olówó ọkọ̀ ti san owó asíráńsì rẹ̀ nítorí irú ọjọ́ yìí gan-an ni. Bí ìdílé bá sọ pé kádàrá ni, tí wọn kò sì béèrè ohunkóhun, ilé asíráńsì nìkan ni ó jèrè kádàrá náà.

Òfin CIMA kò ní kí ẹni tí ó farapa máa sáré kiri. Ó pàṣẹ fún ilé asíráńsì pé kó mú iye tí yóò san wá fún un láàárín oṣù méjìlá lẹ́yìn jàǹbá. Bí ènìyàn bá kú, àwọn tí ó fi sílẹ̀ ni a óò mú un wá fún, láàárín oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ilé asíráńsì bá kọ, ó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìwé tí àwọn ọlọ́pàá kọ lórí jàǹbá náà, àti pé ó lè mú agbẹjọ́rò tirẹ̀ tàbí dókítà tirẹ̀ dání.

Ibi tí ó léwu jù ni ọjọ́ ìfọwọ́sí. Ìwé tí a ó gbé síwájú ìdílé ń jẹ́ transaction. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i gbà pé iye tí ó wà níbẹ̀ tó òun, òun kò sì ní béèrè mìíràn mọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kà á tẹ ìka rẹ̀ sí i, nítorí pé ọmọkùnrin tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sọ pé ìwé ẹ̀rí gbígba owó lásán ni. Ìyá ti fi ìka kan tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ mẹ́rin dànù. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá lónìí, ẹ mú un lọ sílé, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá iye owó tí a fi nọ́ńbà kọ, ẹ wá ọjọ́. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i kí ojú tó là, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì wà nínú òfin tí ẹ fi lè kọ̀ ọ́ padà, pẹ̀lú lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún yín ní ẹ̀rí rẹ̀, tàbí kí ẹ fi lẹ́tà náà lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á. Bí ẹ kò bá kọ̀ ọ́, ilé asíráńsì gbọ́dọ̀ san owó náà láàárín oṣù kan lẹ́yìn tí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà bá pé.

Iye wo ni wọ́n ń san? Àwọn ìwé kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Owó oògùn àti owó ilé ìwòsàn, wọ́n ń san án padà bí ìwé reçu bá wà. Owó ìsìnkú pẹ̀lú, bí reçu bá wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin, SMIG, fún ọdún kan lọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, SMIG jẹ́ 52 000 fáráǹkì lóṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Fún ọdún kan, ó di 624 000. Bí ẹbí bá ná mílíọ̀nù méjì lórí aṣọ ẹbí, màlúù àti àgọ́, èyí tí ó kọjá iye yẹn jẹ́ ti ẹbí.

Ti owó iṣẹ́ tí ó sọnù ni ó dun àwọn ọlọ́jà jù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìwé owó oṣù. Ìyá tí ń ta tìmátì kò ní. Bí kò bá sí ìwé tí ó fi iye tí ó ń rí hàn, SMIG ni wọn yóò fi ṣírò tirẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni ó ń rí. Ìwé owó orí ni òfin kọ́kọ́ ń wò. Nítorí náà, ìwé owó orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí yóò sọ iye tí ọwọ́ wọn tó lọ́jọ́ tí ọwọ́ náà kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Lójú ibi jàǹbá, ìwé ìkọ̀wé kan àti bíírò tó. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kí a kọ́kọ́ kọ, nítorí pé ọkọ̀ lè lọ, nọ́ńbà kò lọ. Lẹ́yìn náà, orúkọ ilé asíráńsì tí ó wà lórí ìwé ọkọ̀, àti orúkọ ènìyàn méjì tí ó rí i. Kí a sì ranṣẹ́ pe ọlọ́pàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ ń bẹ̀ pé kí a má pè wọ́n.

Ẹrù tí a fi ránṣẹ́, àti ọkọ̀ tí ó kọjá ààlà

Ẹrù tí a fi lé awakọ̀ lọ́wọ́ láìbá a rìn ní òfin tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn, fọwọ́ sí i ní Yaoundé ní ọdún 2003, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2004. Awakọ̀ ni yóò dáhùn bí ẹrù bá sọnù tàbí bí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó náà: kò ju 5 000 fáráǹkì lọ fún kílò kan. Fún ẹni tí ó fi àpò àgbàdo ránṣẹ́, kò burú. Kílò àgbàdo kan kò tó bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí ó fi léèsì kílò mẹ́wàá tí ó tó 400 000 fáráǹkì ránṣẹ́, 50 000 ni ó lè gbà. Ohun tí ó lè yí i padà ni kí ó sọ iye ẹrù náà fún awakọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù. Awakọ̀ lè béèrè owó sí i. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ti ààlà ló kù, ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọjá láti Ìgòlò sí Ìdìróko, tàbí láti Kétu gba Ìlárá lọ sí Mẹ́kọ. Nàìjíríà kò sí nínú òfin CIMA. Bí ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ bá pa ènìyàn lára lọ́hùn-ún, ìwé asíráńsì lásán kò tó. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ṣe péjọ sí Kútọnu, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, tí wọ́n dá ìwé kan sílẹ̀ tí a ń pè ní carte brune. Ọ́fíìsì tí ń bójú tó o fún gbogbo wọn wà ní Lomé. Ọkọ̀ tí ó bá ní in, tí ó sì ṣe jàǹbá ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì carte brune ti Nàìjíríà ni yóò dá àwọn tí ó farapa lóhùn gẹ́gẹ́ bí òfin Nàìjíríà ti wí, yóò sì gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ilé asíráńsì tí ó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Bákan náà ni fún ọkọ̀ Nàìjíríà tí ó wọ Àjàṣẹ́. Ilé asíráńsì kan náà tí ó fún onímọ́tò ní attestation ni ó ń fúnni ní carte brune, ọjọ́ tí yóò parí sì wà lára rẹ̀. Kí awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Ìdìróko wo ọjọ́ méjèèjì, ti attestation àti ti carte brune, kí ó tó pe èrò àkọ́kọ́ wọlé.